Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì: Ẹ Yẹ Àpótí Iná Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí díẹ̀, ó dúró. Ẹ tún un tẹ̀, kò mira rárá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin ó tàn, ọmọ yín sì jókòó ti iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ tí gbogbo rẹ̀ tún fi ṣókùnkùn, tí iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ wọn ò mú iná lọ. Gílóòbù yàrá ṣì ń tàn.

Ẹni tó ra odidi kọ̀ǹpútà lè gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹni tó to tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ra ẹ̀yà kan lóṣù yìí, tó ra òmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun náà ni yóò wá ẹ̀yà tó ń dalẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré dá motherboard lẹ́bi, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Wọ́n á lọ ra tuntun, ọ̀sẹ̀ kejì kò ní pé tí àìsàn náà yóò tún padà. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àpótí onírin tí à ń ki wáyà ògiri bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní power supply, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí òun bá ti bàjẹ́, ó lè ba èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jẹ́ pẹ̀lú.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣì ń tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò ìdílé àti ìwé tó ṣe kókó sórí flash. Iná tó ń ṣe ségesège lè ba ohun tó wà lórí hard disk jẹ́, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ta fọ́tò ìyá àgbà tó ti lọ.

Iṣẹ́ àpótí yìí ni pé kó gba iná 230 volt láti ara ògiri, kó sọ ọ́ di iná tó ń lọ tààrà bíi ti bátìrì, kó sì pín in sí 12 volt, 5 volt àti 3.3 volt. 12 volt ló ń gbé ẹrù tó wúwo jù: processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àkókò tí kọ̀ǹpútà ń kú gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Bí ó bá ń ṣe dáadáa nígbà tí ẹ ń tẹ lẹ́tà, àmọ́ tó ń pa bí ọmọ bá ti ṣí géèmù, ẹ fura sí power supply. Ooru náà lè fa irú rẹ̀, nítorí náà ẹ gbọn eruku kúrò lára fáànù processor kí ẹ tó dájọ́.

Nílé tí inverter wà, ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àlàfo díẹ̀ máa ń wà, tí kò tó kí ẹ ṣẹ́jú, kí inverter tó gba iṣẹ́. Iná tó kù nínú àwọn capacitor, ìyẹn àwọn agolo kékeré tó ń tọ́jú iná sínú power supply, ni kọ̀ǹpútà ń lò lásìkò náà. Power supply tó dára lè di kọ̀ǹpútà mú fún nǹkan bí ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iṣẹ́ tilẹ̀ pọ̀. Bí tiyín bá ti ń la àlàfo yìí kọjá tẹ́lẹ̀, tó wá ń kú níbẹ̀ ní báyìí, tí ẹ kò sì pààrọ̀ inverter, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn agolo náà ti ń gbẹ. Àmì àgbà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìta. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára extension àti stabilizer, kí ẹ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tó dá yín lójú. Ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Ẹ wo súìṣì kékeré ẹ̀yìn àpótí náà bóyá ọmọdé ti fọwọ́ kàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lára àwọn tokunbọ̀ àtijọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ lè rí súìṣì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà lórí 115 tí ẹ sì ki í bọ iná ilẹ̀ wa, yóò dún gbòlà, ó parí nìyẹn. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri kí ẹ tó yí i sí 230.

Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹ yọ wáyà ògiri, kí ẹ tú gbogbo wáyà tí power supply fi so mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù. Orí wáyà tó tóbi jù ní ihò 24. Wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ẹ tẹ kílíìpù onírin tí a fi ń kó ìwé pọ̀, ẹ ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ihò wáyà aláwọ̀ ewé, kí ẹ ki èkejì bọ ihò wáyà dúdú èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tan iná sí i, kí ẹ má sì fọwọ́ kan kílíìpù náà mọ́. Fáànù yẹ kó yí, àyàfi tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kó máa sinmi nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀. Bí gbogbo wáyà tiyín bá dúdú, ẹ má méfò. Ẹ wo ìwé ìlànà rẹ̀.

Bí fáànù bá yí, ẹ má tíì yọ̀. Aláìsàn tó lè jókòó kò tíì lè ru àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ so gbogbo nǹkan padà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ tó wúwo, kí ẹni tó mọ mítà lò sì wọn wáyà láti ẹ̀yìn orí rẹ̀. Wáyà àwọ̀ ìyeyè gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 àti 12.6 volt, pupa láàárín 4.75 àti 5.25, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 àti 3.47. Èyí tó bá bọ́ sísàlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ti jẹ́wọ́.

Ẹ̀rí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ẹ yá power supply ọ̀rẹ́ yín tó dára, kí ẹ fi dán an wò. Àmọ́ ẹ yá a tòun ti wáyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní wáyà tó ṣeé yọ lára àpótí, orí wáyà ilé-iṣẹ́ kan sì lè wọ inú àpótí ilé-iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé ètò inú wọn bára mu. 12 volt á wá wọlé síbi tí 5 volt yẹ kó gbà, hard disk á jóná lójú ẹsẹ̀. Láàárín ilé-iṣẹ́ kan náà pàápàá, wáyà oríṣi kan lè má bá òmíràn mu.

Ẹ má ṣí àpótí náà rárá. Iná tó wà nínú àwọn capacitor ńlá ibẹ̀ máa ń lé ní 300 volt, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Iye tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ kò tó nǹkan tí ọwọ́ lè bá pàdé.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ì báà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìlú míì, ẹ má wo watt gàdàgbà tí wọ́n kọ síwájú páálí. Ẹ wo ara àpótí, kí ẹ wá amp tí wọ́n kọ fún 12 volt, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní 600 watt, tí amp rẹ̀ jẹ́ 25, 300 watt ló lè gbé fún processor àti káàdì yín. Bí ẹ bá sì ti to tuntun sí i tán, ẹ so àwọn wáyà àtijọ́ mọ́ àpótí àtijọ́ pinpin, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà yọ ọ̀kan lò lọ́jọ́ kan.