Ta ni akódà kóòtù yóò bá lẹ́nu géètì?

Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá ṣẹ ẹnìkejì ní Ìsarà, ìpẹ̀jọ́ kì í ṣòro. Akódà á mú ọ̀nà pọ̀n, á dé ilé olùjẹ́jọ́, á sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ sóko, ará agboolé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lóde òní tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń pọ̀ sí i nílẹ̀ Rẹ́mọ, bí omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan bá ṣàn wọ oko àgbẹ̀, ta ni kí wọ́n fún níwèé ìpẹ̀jọ́? Ṣé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni?

Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, abala 78, sọ pé ilé iṣẹ́ òkèèrè kò gbọdọ̀ ṣòwò ní Nàìjíríà láìkọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ níbí lọ́dọ̀ àjọ CAC, àyàfi ìwọ̀nba tí ìjọba bá yọ̀ǹda fún. Ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìwé ń lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè sanwó ní CAC kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tó wà lára pátákó o! Orúkọ ọjà lè yàtọ̀ sí orúkọ ilé iṣẹ́. Bí àdírẹ́sì bá wà ní Èkó, tí ẹjọ́ sì wà ní kóòtù gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìwé náà pé òde ìpínlẹ̀ ló ń lọ, kí wọ́n sì fún olùjẹ́jọ́ lọ́gbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló ti túká nítorí ìlà kan péré yìí.

Èyí tó le jù ni pé ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ níbí, ọmọ ni. Bàbá rẹ̀ wà lókè òkun. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni bàbá, ọ̀tọ̀ ni ọmọ. Ohun tí àwọn ará Ogale àti Bille ní Ìpínlẹ̀ Rivers bá jà nìyẹn.

Wọ́n ní epo rọ̀bì láti ọ̀dọ̀ Shell ti ba omi àti ilẹ̀ àwọn jẹ́. Ní 2011, àjọ UNEP yẹ omi kànga Ogale wò, wọ́n sì bá benzene, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ, nínú rẹ̀, ó ju ìlọ́po 900 iye tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Ọba Ogale, Emere Godwin Bebe Okpabi, gbé omi náà sínú ìgò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Ẹ fojú inú wò ó bí ó bá jẹ́ Kábíyèsí Ọdẹmọ ló ń gbé omi Ìsarà wọ bàálù!

Kí ló dé tó fi jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Shell bàbá ti forúkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò àṣẹ kí wọ́n tó fún un níwèé níbẹ̀. SPDC, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà, ni wọ́n ní láti tọrọ àṣẹ kóòtù fún, wọ́n sì rí i gbà ní 2016, nítorí pé ẹjọ́ bàbá àti ti ọmọ ti lọ́ mọ́ra. Shell kọ̀ jálẹ̀, ó ní bàbá kò lọ́wọ́ sí iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe. Adájọ́ kan gbà fún un ní 2017. Ní 2018, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún gbà fún un. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ epo rárá; ọ̀rọ̀ ẹni tí ìwé tọ́ sí ni wọ́n ṣì ń fà!

Ọjọ́ 12 oṣù kejì 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà 2025, adájọ́ mìíràn ní ìdọ̀tí àtijọ́ tí wọn kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ṣì ṣeé pẹjọ́ lé lórí. 2027 ni wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ gan-an sí, ọdún méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé kalẹ̀.