Ọkọ Ayé Àtijọ́ Inú Tẹlifíṣàn: Ta Ni Ó Kọ́ Ọ Pé Kí Ìyàwó Má Ṣiṣẹ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin òde òní fi ń gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn iṣẹ́ ìyàwó bá délẹ̀. Wọ́n á ní àṣà baba àwọn ni pé ilé ni ipò obìnrin, pé ọkọ nìkan ni í wá owó, àti pé ìyàwó tí ó bá ń jáde lọ sí ọ́fíìsì ní òwúrọ̀, tí ó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ti tẹ àṣà lójú mọ́lẹ̀. Bí a bá sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí irú baba bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí àpẹẹrẹ wọn tó dé orí tẹlifíṣàn: baálé aláwàdà tí ó fẹ̀yìn ti àga ńlá, tí ó ń ké sí ìyàwó pé oúnjẹ dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Obìnrin tí a bá torí àṣà mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kì í rí iṣẹ́ náà gbà padà bọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá sì ṣe aláìsí, tàbí tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òun náà, àṣà tí a fi dá obìnrin náà dúró kì í bá a san owó ilé ìwé ọmọ. Nítorí náà, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ǹjẹ́ ọkọ tí à ń rí nínú àwọn eré àwàdà wọ̀nyí, baba Ẹ̀gbá ni lóòótọ́, tàbí àlejò ni tí ó wọ agbádá onílé?

ÀPÓTÍ TÍ Ó Ń FI Ọ̀RỌ̀ SÍ NI LẸ́NU

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí ó fi "àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ṣe oríkì ara rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Abẹ́òkúta wà nígbà náà. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, ìpínlẹ̀ náà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tirẹ̀, OGTV, ní Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé fi rí ọ̀nà bá wọ inú àpótí náà. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé àwàdà tirẹ̀ wá. Oyin Adéjọbí gbé Kóòtù Aṣípa wá, níbi tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìdílé, tí ọkọ ń rojọ́, tí ìyàwó ń rojọ́, tí àwọn ará ilé sì ń fi ẹ̀rín pa ara wọn níwájú tẹlifíṣàn.

Ní ọdún 1968 ni The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, dá sílẹ̀. Ó wà lórí afẹ́fẹ́ títí di ọdún 1988. Láti ìhà Ìlà-Oòrùn ni The New Masquerade ti wá, níbi tí Olóyè Zebrudaya ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru pàṣẹ fún Ovularia ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1996 ni Papa Ajasco, tí Wálé Adénúgà mú jáde láti inú ìwé àwòrán ẹlẹ́rìn-ín rẹ̀, dé orí tẹlifíṣàn. Amaka Igwe náà sì gbé Fuji House of Commotion jáde, níbi tí olóyè kan ti kó ìyàwó rẹpẹtẹ jọ sínú ilé kan, tí kò sì rí ibi tí yóò fi orí sí.

Agbára àwọn eré wọ̀nyí kò kéré. Ẹ ro ti Amebo wò. Orúkọ obìnrin kan ni nínú The Village Headmaster. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà tí eré náà parí ń pe olófòófó ní amebo. Bí tẹlifíṣàn bá lè fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ni lẹ́nu tí a kò sì mọ ibi tí ó ti wá mọ́, ó lè fi àṣà tuntun sí ni lọ́kàn bákan náà, kí a sì máa pè é ní ti baba ńlá wa.

RALPH ÀTI RICKY NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orírun ọkọ tí ń sọ pé "ìyàwó mi kò ní ṣiṣẹ́", kí ó wo ìlú Amẹ́ríkà. Nínú The Honeymooners, tí ó jáde láàárín ọdún 1955 sí 1956, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ń bẹ ní Brooklyn tí ń jẹ́ Ralph Kramden. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ilé rẹ̀ kò ju yàrá mélòó kan lọ, síbẹ̀ ẹ̀tẹ́ ni lójú rẹ̀ kí Alice aya rẹ̀ lọ gba iṣẹ́. Nínú I Love Lucy, tí ó wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1951 sí 1957, ìjà náà kò yàtọ̀. Nínú apá kan tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, Ricky àti Fred ní kò sí ohun tó le nínú iṣẹ́ ilé. Lucy àti Ethel ní kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì. Ẹ̀rọ ń yára gbé e kọjá níwájú wọn, ọwọ́ wọn kò ká a mọ́, ni wọ́n bá ń sọ ọ́ sẹ́nu, wọ́n ń tì í bọ inú aṣọ àti fìlà. Nílé, ìrẹsì tí Ricky gbé kaná hó títí ó fi ya kún ilẹ̀ ilé ìdáná. Ní ìparí, oníkálùkù gbà láti padà sí àyè rẹ̀.

Ìdí wà tí àwàdà yìí fi pa àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́rìn-ín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin kún inú ilé iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀ nítorí pé àwọn ọkùnrin wà lójú ogun. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, a ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní òfin pé obìnrin tí ó bá ṣe ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ dúró sí ẹnu iṣẹ́ ìjọba. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fagi lé e. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ni a ń lé padà sí ilé ìdáná, òun náà ni a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

ÌYÀWÓ Ẹ̀GBÁ KÒ BÈÈRÈ ÀYÈ

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé Lucy wá sí ọjà Ìtòkú. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ nítorí pé ìyàwó ilé fẹ́ ṣiṣẹ́? Láàárín àwọn alárò àti aláṣọ àdìrẹ, obìnrin tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni ẹni ìyanu. Iṣẹ́ obìnrin ni àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ ìyá ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Ẹnìkan ń fi ìko di aṣọ, ẹnìkan ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sí i, ẹlòmíràn ń rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró, ẹlòmíràn sì ń tà á. Àwọn oníṣòwò máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn ra aṣọ náà.

Àṣà ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọkọ tí ó bá gbé ìyàwó wọlé, tí ó sì mọ ojúṣe rẹ̀, a wá owó ìdókòwò fún un. Ọ̀tọ̀ ni àpò ọkọ, ọ̀tọ̀ ni àpò ìyàwó. Ọkọ ń pèsè ilé àti oúnjẹ láti oko. Ìyàwó ń fi èrè ọjà rẹ̀ kún ọbẹ̀, ó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ná ti ẹbí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọkọ di ọ̀lẹ nítorí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ìlú jẹ́rìí sí i. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, Abẹ́òkúta ni ó wá tẹ̀dó sí. Ó fi ọrọ̀ rẹ̀ gbá ìlú lẹ́yìn nígbà tí ogun Dàhòmì dé, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá kí ó tó kú ní ọdún 1887. Nígbà tí owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918, kò sí pé ọkọ ni yóò san ti aya mọ́ tirẹ̀. Obìnrin san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba amúnisìn tí kò fẹ́ kí aya akọ̀wé òyìnbó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni ó mọ̀ pé aya àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní owó lọ́wọ́ débi tí a lè bù lé e.

Owó orí yìí kan náà ni ó bí ìjà ńlá tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Olùkọ́ ni obìnrin yìí. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn obìnrin alákọ̀wé tẹ́lẹ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọjà ní àwọn ọdún 1940, tí ó wá di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin Aké ká. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Ìparí ọdún 1950 ni ó tó padà. Ọkọ obìnrin náà, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá Abeokuta Grammar School, kì í ṣe ọkùnrin tí ó gba gbẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀yìn aya rẹ̀ ni ó wà. Bákan náà ni inú ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní ọdún 1981 fi hàn pé baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ìjọ, ìyá rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé onígbàgbọ́ alákọ̀wé ni. Síbẹ̀, ìyá ń tajà.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Níbo wá ni ọkọ tí ń ka iṣẹ́ léèwọ̀ ti wá? Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti dé Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840 ni àwòrán ìyàwó ilé tuntun kan ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀: ìyàwó tí ń ránṣọ, tí ń tún ilé ṣe, tí owó oṣù ọkọ rẹ̀ ń bọ́. Àmì ọ̀làjú ni nígbà náà, kì í ṣe àmì ayé àtijọ́. Akọ̀wé tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sílé ń fi hàn pé òun kì í ṣe ará oko.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà wá kàwé, tí wọ́n di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé, ohun mẹ́ta ni ó yí padà, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Èkíní ni àyè: ẹni tí ń pa aṣọ láró ní àgbàlá lè pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹni tí ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni àkókò: ìyá ọjà ló ni ọjọ́ rẹ̀, agogo ọ̀gá ló ni ọjọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tí ó sì gún àwọn ọkùnrin lára jù lọ, ni owó. Kò sí ọkọ tí ó lè ka èrè ìyá aláṣọ tán, nítorí náà kò sí ẹni tí ń fi wéra. Ṣùgbọ́n owó oṣù ní iye. A kọ ọ́ sórí ìwé, bí ti ìyàwó bá sì ju ti ọkọ lọ, ojú ń rí i. Ojú tí ń rí iye yìí ni ó sọ ọkọ di aláwàdà nínú eré. Kì í ṣe àṣà ni ó ń gbèjà, iyì ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn òṣèré obìnrin fúnra wọn jẹ́ ìyàwó tí ń ṣiṣẹ́. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóòsà, fi àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣe òpó ẹgbẹ́ eré rẹ̀. Grace, aya Oyin Adéjọbí, jẹ́ òṣèré pàtàkì nínú ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún ọkọ nínú eré, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà ní àkókò náà gan-an.

Kò yẹ kí a wá fi èyí sọ pé ayé àtijọ́ dẹrùn fún obìnrin. Ìyá tí ó ti ọjà Láfẹ́nwá dé, òun náà ni yóò ro láfún, tí yóò sì já ewédú. Ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ìyá ọkọ ń bẹ nílé, orogún ń bẹ, àwọn ọmọ ẹbí ń bẹ, ẹlẹ́kọ sì ń kiri kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ òde òní tí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ń gbé ilé kò ní gbogbo wọn. Bí a bá fẹ́ pa àṣà mọ́ lóòótọ́, ìrànlọ́wọ́ tí ó ti sọnù ni kí a wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ọkọ ni ó sì súnmọ́ jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Kí àwọn olùkọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ìyá àgbà léèrè lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ wo ni ìyá tirẹ̀ ṣe jẹun. Òótọ́ ni pé ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Òwe náà kò sọ ẹni tí owó rẹ̀ ra iyọ̀.