Bí Òṣìṣẹ́ Bá Farapa Lẹ́nu Iṣẹ́, Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Sí Owó Ìfẹ̀yìntì Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká yín fún ìtọ́jú ọmọ òrukàn, bí opó bá wá bá wa, ó yẹ ká bi í léèrè bóyá ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀tọ́ ńlá lè wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè fún. Àwọn ọmọ wa láti Ìkòyí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja, àwọn mìíràn sì wà nídìí ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ńlá ní Ọ̀bájánà níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì.

Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ jáde ní ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ń san náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wà lórí àìsàn? Lábẹ́ ètò àtijọ́, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń lò, iye ọdún iṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ máa gba owó oṣù rẹ̀ ní pípé títí ara rẹ̀ yóò fi yá, tàbí títí wọ́n á fi dá a dúró nítorí àìlera. Owó oṣù kò dúró, nítorí náà ọdún iṣẹ́ kò já. Ìsinmi tí kò lówó oṣù nínú ni kì í sábà wọ inú kíkà. Fáìlì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti farapa, ó lè dà bí ẹni tó kàn pa iṣẹ́ jẹ.

Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ka ọdún. Owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ ń dá 10 nínú 100, òṣìṣẹ́ ń dá 8. Ká ní owó oṣù tí wọ́n ń gbé e lé jẹ́ ₦100,000, ₦18,000 ló ń wọlé lóṣù. Bí owó oṣù bá dúró fún oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ owó gbà-má-bínú nìkan ló ń gbà, ₦108,000 ni kò wọlé, àti èrè tí ì bá mú wá. Owó gbà-má-bínú kì í ṣe owó oṣù. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ní kíákíá, kó sì jẹ́ lórí ìwé, pé kó má dá owó náà dúró.

Ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí sí i pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lè gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún.

Bí ó bá kú ńkọ́? Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí baba ń bọ́, 90 nínú 100 owó oṣù olóògbé ni NSITF yóò máa san lóṣooṣù. Ti ọmọ ń lọ títí yóò fi pé ọdún 21 tàbí tí yóò fi parí yunifásítì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ fi èyí wé ohun tí sàká wa lè ṣe! Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó inú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì wà, àti ìbánigbófò ẹ̀mí tí òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra, tí kò gbọdọ̀ dín sí owó ọdún mẹ́ta.

Ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìwé ìbéèrè fún owó náà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Bí ọ̀gá kan bá ní kí opó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, kó má fọwọ́ sí i. Òfin kò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a wá ìwé owó oṣù, ìwé dókítà, ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìbí àwọn ọmọ jọ kí ọdún náà tó pé.