Róòmù Kọ́ Ló Bí Seriatim

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìdájọ́ yóò bá ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan pàdé tí kì í sí lẹ́nu ará ọjà: seriatim. Adájọ́ á ní òun fẹ́ gbé àwọn kókó ẹjọ́ yẹ̀ wò seriatim, ìyẹn ni lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ìrísí rẹ̀ lè mú kéèyàn rò pé ẹnu Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù àtijọ́, ló ti jáde. Rárá o. Ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn ti tú ká tipẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù tó ń kọ Látìnì tó ṣẹ̀dá rẹ̀; ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àfòmọ́ ìparí rẹ̀ ló tú àṣírí. Àwọn ará Róòmù ní privatim, "ní ìkọ̀kọ̀", láti ara privatus. Níbẹ̀, inú privatus gan-an ni "at" ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n gé -atim bí odidi, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gradus, "ìṣísẹ̀", ó di gradatim, tí Cicero fúnra rẹ̀ lò. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kò mọ níwọ̀n mọ́: verbum di verbatim, littera di literatim, series sì di seriatim. Ẹnìkan lè ní series, tó wá láti ara serere, "kí á so nǹkan pọ̀ tẹ̀ léra", àti àfòmọ́ náà, ti Róòmù ni méjèèjì. Kí ló wá kù? Ohun tó kù ni pé ẹni tó ni igi kọ́ ló kan àga. Róòmù ní singillatim fún "lọ́kọ̀ọ̀kan", kò ṣaláìní.

Àwọn kan á tún sọ pé èdè ìgbéraga lásán ni, pé "lọ́kọ̀ọ̀kan" ti tó. Ì bá rí bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ilé ẹjọ́. Kí John Marshall tó di adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà ní 1801, àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ sábà máa ń sọ èrò wọn seriatim, kálukú lórúkọ ara rẹ̀. Marshall sọ ọ́ di ohùn kan ṣoṣo. Inú Thomas Jefferson, tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, kò dùn sí i, nítorí kò ní jẹ́ kí aráàlú mọ ibi tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ohun tí Jefferson ń bèèrè ju títò tẹ̀ léra lọ: kí kálukú jíhìn èrò tirẹ̀. Abala 294 nínú òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì pa á láṣẹ pé kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ àti ti Kòtẹ́milọ́rùn kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ pé òun fara mọ́ ti ẹlẹgbẹ́ òun.