Ipa Gbòǹgbò Igi nínú Kábọ́ọ̀nù Dàyọ́kísáìdì tí Ilẹ̀ Igbó ń Tú Jáde: Àpẹẹrẹ fún Olùkọ́ ní Àárín Gbùngbùn Èkìtì

Ìfáàrà

Ohun méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́ nípa gbòǹgbò: pé ó ń di igi mú, àti pé ó ń fa omi. Iṣẹ́ kẹta tí kì í sábà wọ inú ẹ̀kọ́ ni pé gbòǹgbò ń mí. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì tí ó ń mí jáde jẹ́ apá ńlá nínú èyí tí ilẹ̀ igbó ń tú sínú afẹ́fẹ́.

Orísun méjì

Bí ènìyàn bá wọ inú igbó tàbí oko kòkó àtijọ́ ní agbègbè Adó-Èkìtì, Ìyìn tàbí Ìgèdè, yóò rí ìràwé tí ó bo ilẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí àti oríṣiríṣi olú ń jẹ ìràwé yìí, wọ́n sì ń tú kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì jáde. Èyí ni orísun kìíní.

Gbòǹgbò ni orísun kejì. Ewé a máa lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì láti ṣe ṣúgà. Apá kan nínú ṣúgà náà ń gba inú èèpo sọ̀kalẹ̀. Gbòǹgbò ń lo ọ́síjìn tí ó wà láàrin erùpẹ̀ láti sọ ọ́ di agbára fún ìdàgbàsókè.

Ẹ̀rí

Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí a bá bó èèpo igi yíká, igi náà yóò kú lórí ìdúró, nítorí oúnjẹ láti ara ewé kò dé gbòǹgbò mọ́. Ọgbọ́n yìí kan náà ni P. Högberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò sí igi páìnì ní àríwá Sweden, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001. Láàrin oṣù kan sí méjì, ohun tí ilẹ̀ ń mí jáde dín kù ní nǹkan bí ìdá 54 nínú 100. Igbó olótùútù ni ti Sweden. Nítorí náà, iye yìí kò ṣeé gbé wọ igbó Èkìtì bẹ́ẹ̀. Àgbéyẹ̀wò tí P. J. Hanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2000 fi hàn pé ìpín gbòǹgbò lè kéré tó ìdá 10 nínú 100, ó sì lè pọ̀ tó ìdá 90.

Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Púpọ̀ nínú ohun tí gbòǹgbò ń mí jáde ni ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti inú afẹ́fẹ́. Gbèsè ni ó ń san padà. Ṣùgbọ́n jíjẹrà lè tú ohun tí ilẹ̀ ti fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́ sílẹ̀. Bí a bá gé igbó, èémí gbòǹgbò yóò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ sì lè dà bí ẹni pé ó ń tú díẹ̀ jáde. Kì í ṣe èrè. Gbòǹgbò tí ó kú yóò máa jẹrà, oòrùn yóò máa ta sí ilẹ̀ gbalaja, kò sì sí ewé tí yóò gba ohun tí ó jáde padà.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ kékeré kan ká lábẹ́ igi, kí wọ́n gé gbòǹgbò tí ó wọ ibẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún oṣù mélòó kan kí èyí tí wọ́n gé lè jẹrà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé àwo omi láìmù sí ibẹ̀ àti sí ilẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì da korobá bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí omi bá ti yára funfun ni ilẹ̀ ti ń mí jù.