Òtútù Tó Ń Mú Kọ̀ǹpútà Sáré

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru Lọ́ńdọ̀nù kọjá 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, irú èyí tí wọn kò rí rí nílùú náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù tó wà ní iyàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Guy's àti ti St Thomas' dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Stockwell àti Peckham ló ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn méjèèjì yìí. Àwọn kọ̀ǹpútà gbóná, wọ́n gbóná, wọ́n bá kú. Dókítà kò rí àkọsílẹ̀ aláìsàn wò mọ́. Bébà àti bírò ni wọ́n padà sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí gbogbo rẹ̀ tó bọ̀ sípò, owó tó sì bá a lọ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn, ó dín díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń wu kọ̀ǹpútà gbogbo ilé léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ ní kékeré. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ègé kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù transistor nínú, tí wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún iná, tí wọ́n sì ń tì í. Iná tí wọ́n bá jẹ níbi iṣẹ́ yìí, ooru ló ń dà. Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà kan jẹ́ 5 GHz, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aago inú rẹ̀ ń lù nígbà bílíọ̀nù márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ń pinnu bó ṣe máa sáré tó. Àwọn kan sì wà tí ìpinnu yẹn kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n á wọ inú ètò ẹ̀rọ lọ, wọ́n á mú kí aago náà máa lù kíákíá ju bí wọ́n ṣe tà á fún wọn lọ. Overclocking ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rọ á máa béèrè fóltì sí i, bí fóltì bá sì di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin, kí á tó fi ti eré fúnra rẹ̀ kún un.

Fáànù kò lè ká irú ooru bẹ́ẹ̀. Omi tó ń yí po nínú rọ́bà sàn jù ú lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè mú ẹ̀rọ tutù ju afẹ́fẹ́ iyàrá lọ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ ní láti wá òtútù gidi. Fírísà tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí ní Rye Lane ní Peckham máa ń wà ní nǹkan bíi 18 nísàlẹ̀ òdo. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì, bí wọ́n bá so ó tààrà mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lè mú un dé 40 tàbí 50 nísàlẹ̀ òdo. Yìnyín gbígbẹ jẹ́ 78 nísàlẹ̀ òdo. Náítírójìn olómi ń hó ní 196 nísàlẹ̀ òdo, hélíọ́mù olómi ní 269, èyí tí ó ku ìwọ̀n mẹ́rin péré kó dé ibi tí òtútù kò ti lè pọ̀ sí i mọ́.

Òtútù bẹ́ẹ̀ ń kó ooru kúrò, ó sì tún ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná máa ń rọ́nà gba inú wáyà bàbà tó tutù ju èyí tó gbóná lọ. Transistor tó sì máa ń jo iná dànù á dín jíjò rẹ̀ kù gidigidi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè gba fóltì tí ì bá jó o lójú ẹsẹ̀.

Ìmọ̀ òtútù yìí kò jìnnà sílé rárá. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Northern line ní Stockwell, ibùdókọ̀ kẹta tó máa kàn ni Elephant and Castle. Níbẹ̀, ní Newington Butts, ni wọ́n bí Michael Faraday sí ní 1791. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, kò rí yunifásítì lọ, iṣẹ́ ìdìwé ló sì kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní 1823, ní Royal Institution, ó sọ gáàsì chlorine di olómi. Náítírójìn kò gbà fún un. Kraków ní ilẹ̀ Poland ni àwọn onímọ̀ méjì ti rí i ṣe ní 1883. James Dewar, tóun náà ṣiṣẹ́ ní Royal Institution, wá ṣe ìgò olódi-méjì ní 1892, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ jáde kí ooru má baà rọ́nà wọlé. Ìgò yẹn ló bí fúláàsì tí à ń da tíì sí, inú ìgò Dewar náà sì ni àwọn tó ń ṣe overclocking ń gbé náítírójìn wọn sí títí dòní. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń kàwé ní Walworth àti Peckham gbọ́ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ àdúgbò wọn wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí.

Kọ̀ǹpútà ńlá ETA10, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987, ṣiṣẹ́ nínú náítírójìn olómi. Ní 2011, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ AMD fi hélíọ́mù olómi mú ẹ̀rọ wọn sáré dé 8.429 GHz, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2024, ará Sweden kan tí wọ́n ń pè ní Elmor mú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Intel kọjá 9.1 GHz. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ó kàn máa ń tó kí wọ́n lè ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì gba sùúrù. Wọ́n á gbé ìkòkò bàbà ka orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa da náítírójìn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn kò ní kúrò lára tẹmómítà. Bí wọ́n bá gbàgbé dà á, ẹ̀rọ á kú. Bí wọ́n bá dà á jù, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní jí mọ́ títí ara wọn á fi móoru díẹ̀. Ọ̀tá tó tún burú ni omi: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ ìkòkò, á yọ́, á sì ṣàn sórí ibi tí iná wà. Nítorí náà, fasilíìnì ni wọ́n ń fi kun pátákó ẹ̀rọ, wọ́n á wá fi fóòmù àti tísù dí gbogbo àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé.

Ewu tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Lítà kan náítírójìn olómi ń di nǹkan bí 700 lítà gáàsì. Iyàrá tó jẹ́ mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, bí irú èyí tó pọ̀ nínú fúláàtì Stockwell, gba nǹkan bí 21,600 lítà afẹ́fẹ́. Bí ènìyàn bá lo lítà mẹ́wàá níbẹ̀ tí fèrèsé wà ní títì, ọ́síjìn lè wálẹ̀ láti 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bíi 15. Náítírójìn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì ń múni wúkọ́. Carbon dioxide tó ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé èémí ti há. Bí ọ́síjìn nìkan bá dín, ara kì í fura, orí á kàn fò lọ, ẹni náà á ṣubú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ènìyàn mẹ́fà kú bẹ́ẹ̀ nígbà tí náítírójìn olómi jò ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe adìyẹ ní Gainesville, ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ńlá nìyẹn o, kì í ṣe iyàrá ọmọ ilé ìwé.

Àwọn yunifásítì ní òfin kan tó yẹ kí gbogbo òbí tó ń gbé ilé alájà púpọ̀ mọ̀: ìgò náítírójìn kì í bá ènìyàn wọ líìfùtì. Wọ́n á gbé e sínú rẹ̀ lóun nìkan, ẹlòmíràn á dúró dè é lókè, torí pé bí líìfùtì bá há, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lè má jáde láàyè. Fún ọ̀dọ́ tó kàn fẹ́ kí géèmù rẹ̀ yá, kó gbá eruku inú fáànù, kó pààrọ̀ ọ̀dà tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti fáànù, bí owó bá sì wà, kó ra èyí tó ń lo omi. Àwọn tó ń da náítírójìn máa ń ṣe é níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, pẹ̀lú ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn àti ẹ̀rọ tó máa ń pariwo bí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ dé 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún.