Aago mẹ́fà ti ta ni? Ohun tí kíkó server kọ́ wa

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìdílé kan ní Kétu fẹ́ sin ìyá wọn. Wọ́n ní kí a bá àwọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ẹbí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, láti rán wọn létí pé aago méje ni òkú yóò kúrò nílé. Aago méje géérégé ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé. Àwọn kan nínú ìlú kò tíì wẹ̀ nígbà tí òkú ti ń lọ.

A bẹ ìdílé náà, a sì dá owó wọn padà. Ṣùgbọ́n wákàtí yẹn kò ṣe é dá padà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A wo ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a kó ojúewé wa kúrò lórí server kan lọ sórí òmíràn. Server ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń tọ́jú ìròyìn wa, tó sì ń gbé e fún yín. Inú rẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ tí a ti dá àkókò fún wà: ìròyìn òwúrọ̀, ìkéde òkú, àti ṣíṣe ẹ̀dà ìròyìn pamọ́ lóru. Ètò kan tó ń jẹ́ cron ló ń ṣọ́ aago wọn.

Cron kò mọ Kétu, kò sì mọ Lomé. Aago tí wọ́n bá tò sínú server ló ń wò. Server àtijọ́ wa ń lo aago Bẹ̀nẹ̀. Tuntun ń lo UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣírò tiwọn. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC; Tógò bá a dọ́gba. Aago mẹ́fà tí a kọ sílẹ̀ kò yí padà, àmọ́ nígbà tí aago mẹ́fà UTC lù, aago méje ti lù ní Kétu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó gba Igolo wọlé láti Nàìjíríà kì í yí aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba Hilla-Condji kọjá sí Tógò yóò dá a sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé kí òun béèrè pé, “Ṣé aago ibí ni àbí aago ọ̀hún?” Àwa kò bi server wa.

Ti ilẹ̀ Faransé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òtútù, aago wọn àti ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba, ẹni tó gbé server síbẹ̀ kò ní fura. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Mààṣì, aago wọn á fò láti méjì òru sí mẹ́ta. Iṣẹ́ tí a dá sí aago méjì ààbọ̀ lè má ṣẹlẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ọ̀tóbà, wákàtí yẹn á wáyé lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ kan náà sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìkànnì ilé ìwé, ẹgbẹ́ tàbí ọjà, bí ẹ bá fẹ́ kó server, ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Àṣẹ crontab -l lè fi àwọn kan nínú wọn hàn. Ẹ wo aago server méjèèjì. Ẹ dá iṣẹ́ ti àtijọ́ dúró kí ti tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan má bàa lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa kọ Africa/Porto-Novo sínú server wa, a sì tún cron bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aago àtijọ́ ni yóò máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, a fi fóònù tiwa dán an wò.

Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ìkéde wa yóò máa sọ aago ibi tó kàn: aago mẹ́fà ní Kétu àti Sábẹ̀, aago márùn-ún ní Atakpamé. Bí ẹ bá rí èyí tí kò sọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá.